Ta Ló Gun Ta?

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Ọ̀gá Àmì kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun lé mi lọ́wọ́. (Èmi ni mo fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè wa lórúkọ yẹn. Bí àmì ohùn kan péré bá sá, ogun dé.) Kí n wá orírun wọn. Ọ̀kan níbẹ̀: bedridden. Ọ̀rọ̀ tí dókítà kọ sí fáìlì Bàbá gan-an. Lọ́jọ́ tí Bàbá bi mí ìtumọ̀ rẹ̀, mo ní "ẹni tó ń sinmi" ni. Irọ́ ni mo pa; ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wá tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Èmi rò pé ibùsùn ló gun aláìsàn, tó jókòó lé e láyà. Rárá o. Láyé àtijọ́, ohun tó túmọ̀ sí "agun-ibùsùn" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é — ẹni tó gun ibùsùn bí ẹni gun ẹṣin. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ìparí tuntun kún un, ẹni tó ń gùn wá di ẹni tí wọ́n gùn. Àṣìṣe ẹnu lásán.

Ọjọ́rú, 6
Mo sọ fún Bàbá. N ò mọ ohun tó ń yún mi lẹ́nu. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Wọ́n di etí ibùsùn mú bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé àwọn ló gùn ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Inú mi dùn, àní inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 7
Bàbá kọ oògùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Wọ́n tún kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀, mo bínú, mo sunkún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó gun nǹkan ló lè sọ̀kalẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀." Mo fẹ́ sọ pé ìtàn inú ìwé lásán ni — ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Mo dá hóró oògùn padà sínú ìgò.

Ọjọ́ Ajé, 11
Ọ̀gá Àmì ní iṣẹ́ tí òun fún mi dà.

Ọjọ́rú, 13
Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Omi díẹ̀, ṣíbí kan. Ẹ̀rù ń bà mí láti wo ojú wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Bàbá lọ ní ọ̀sán àná. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé láàárọ̀, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní mo ṣe ju ọmọ lọ. Wọ́n bi mí bóyá Bàbá ń lo oògùn wọn títí dé òpin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgò náà wà nínú báàgì mi. Bí mo bá ti ń rìn, ó ń dún.