Olóògbé Mekuria Wolde-Senbet, Ẹni Tó Ń Wọn Ọ̀nà Òfurufú

A bí Àtò (Ọ̀gbẹ́ni) Mekuria ní Ankober, ní oṣù kẹta ọdún 1946, sínú ìdílé Àtò Wolde-Senbet, àgbẹ̀ ọkà tẹ́fù, àti Wòyísẹ́rò (Ìyáàfin) Askale. Ilé ìwé ìjọ ni wọ́n ti kọ́ ìwé kí wọ́n tó wá sí Addis Ababa ní 1961. Ìṣirò kò fìgbà kan fún wọn ní wàhálà.

Ní 1969, wọ́n gba Bàbá síṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ wọn ni láti wọn bí pápákọ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì, kí wọ́n sì sọ iye wákàtí tí ọkọ̀ yóò lò. Rúlà, pẹ́ńsù àti àwòrán ayé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n ṣe é, wọn kò sì wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Wọ́n á ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò lókè? Ṣebí mo mọ bó ṣe jìnnà tó!"

Wọ́n gbé Wòyísẹ́rò Zenebech níyàwó ní 1974, Ọlọ́run sì fi Lemlem àti Fasil ta wọ́n lọ́rẹ. Lemlem lọ sí Washington ní 1996.

Ní 2003, ìyá wa papòdà. Lọ́dọ̀ wa, òkú kì í ju ọjọ́ kan lọ nílẹ̀, a kì í sì í fi tẹlifóònù túfọ̀ fún ọmọ tó wà lájò. Àwọn ará ilé tó wà lọ́hùn-ún ni í lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí. Bàbá fa pẹ́ńsù yọ. Ó lé ní kìlómítà ẹgbàárùn-ún. Wákàtí mẹ́tàlá lófurufú, láìtíì ka wíwá tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Lemlem kò lè bá ìsìnkú." A sin ìyá wa. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Lemlem tó gbọ́. Igbe tó ké lórí fóònù ṣì wà létí wa: "Bàbá, ta ló ní kí ẹ bá mi ṣírò? Ìyá mi mà ni!" Ọdún mẹ́wàá ni kò fi wálé.

Láti ìgbà náà ni ayé ti sú Bàbá. Wọ́n ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdir tó ń sìnkú ládùúgbò fún ọdún mọ́kànlá, ilé ọ̀fọ̀ yòówù kí wọ́n dé, ìbéèrè kan náà ni: "Ọmọ yín tó wà lókèèrè ńkọ́? Ṣé ẹ ti pè é?" Àwọn àgbà ní wọ́n ń ba àṣà jẹ́. Bàbá á ní, "Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ọ̀nà ni mo wọ̀n, n kò wo ojú ọmọ mi."

Wọ́n dákẹ́ ní Ọjọ́rú, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Fasil pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú ẹgbẹ́ ìdir kò dùn: òkú ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀, kẹ̀? Ẹ forí jì wá. Ó ti rẹ àwa náà, ojú wa ti wú.

Ọmọ méjì àti ọmọ-ọmọ márùn-ún ni wọ́n fi sáyé lọ. Bí a ti ń tẹ ìwé yìí, Lemlem wà lófurufú. Yóò balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí oòrùn bá là. Bí ẹ bá dé tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì ṣí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dúró díẹ̀. Lemlem ni yóò ṣáájú pósí.

Bàbá wa, ọ̀nà tí ẹ kò wọ̀n rí lẹ ń lọ yìí. Ẹ sùn re, ẹ má ṣírò mọ́. Ó ń bọ̀.