Yíìsì Ni Yíìsì

Àbúrò,

Kó o tó ṣí yàrá ẹ̀yìn, fi nǹkan bo imú. Ike bíà tí ò ń pọn ti bú gbàmù láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fọ ẹnu lọ́wọ́. Ìfófòó rẹ̀ dé àjà. Òórùn ibẹ̀ dà bíi búrẹ́dì tó bu sínú ìbọ̀sẹ̀. Ó ń rí mi lára.

Ṣebí mo bá ẹ béèrè lọ́wọ́ baba tó ń gbé lókè wa tí wọ́n máa ń pọn bíà? Wọ́n ní yíìsì kan wà tó fẹ́ òtútù, òmíràn sì gba ooru. Yàrá tó gbóná bí ààrò bíi tiwa, èyí tó gba ooru ni kó o wá. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí bébà fún ẹ. Àṣé ẹ̀yìn igbá ni mo ń yín àgbàdo sí! O lọ tọrọ yíìsì búrẹ́dì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀, o ní, "Yíìsì ni yíìsì." O tún dé ike náà pa pinpin, láìsí ihò tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde.

Aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà mi, tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán, inú yàrá yẹn ni mo gbé e kọ́ sí. Funfun ni lánàá.

Mo ti gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Fọ àjà, fọ ògiri, da ìyókù ọtí náà nù. Má tọ́ ọ wò. Èmi tọ́ ọ wò, mo sì bì.

Aago méjìlá ni ìyàwó ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀, mi ò sì ní tíì dé. Ìwọ ni kó o ṣílẹ̀kùn fún un. Wò ó lójú dáadáa, kó o sọ fún un pé yíìsì ni yíìsì.