Kàn-ún Tí Mo Dà Sínú Wàrà Àna Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi, ẹ̀yin tí mo máa ń rántí kí n tó bu omi sójú láàárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá. Mo kí Àǹtí Sìkírá àti ọkọ wọn, mo kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí ọmọ tuntun tí n kò tíì rí. Ẹ̀gbọ́n Rábíù tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí síta, ẹ kú làálàá ẹnu, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fo ibì kankan. Mo mọ̀ pé tí lẹ́tà bá ti dé láti Niamey, gbogbo agboolé ló ń pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí kan àwọn aládùúgbò tí ẹnikẹ́ni ò pè. Mo ti kúkú kọ ọ́ fún gbogbo yín. Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó sì wà nínú rẹ̀.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ìsọ̀ mi ní ọjà Katako ṣì wà láàárín àwọn tó ń la pákó àti àwọn tó ń lu páànù, níbi tí èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo kó tó lè dárúkọ iye ọjà. Aṣọ ń tà dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa yureníọ̀mù ní Arlit lókè lọ́hùn-ún, àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ kì í nájà pẹ́. Gínì tó bá dán jù ni wọ́n á nawọ́ sí, wọ́n á ní kí n wé e. Ilé gogoro ń hù létí odò, ọ̀dà tuntun ń dé títì. Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba, ẹ mọ ìyẹn. A kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á yẹ ìwé wa wò lẹ́sẹ̀ afárá, a óò kí wọn, a óò kọjá. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wá jinná lóṣù tó kọjá, àmọ́ òjò ti rọ̀ báyìí, ara ti ń tù wá.

Ìyá mi, n kò sọ fún yín bí mo ṣe rí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. Tí mo bá ti pa ìsọ̀ dé lálẹ́, kò sẹ́ni tí n ó sọ fún pé mo ti dé. Mo máa ń kí ara mi káàbọ̀. Bíbátà ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. Aránṣọ ni, àdúgbò Yantala ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra òwú àti aṣọ ìtẹ́nú. Ó máa ń fi Zarma, èdè wọn, tí mo ń sọ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó dà bíi ti ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Èmi náà kọ́ ọ ní Yorùbá. Ó ti mọ "ẹ kú iṣẹ́" àti "ẹ dín in kù", ìkejì ló sì ń lò jù.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán Ìyá Jẹ́mílà sí mi nígbà tí wọ́n wálé wá ṣọdún Iléyá. Ẹ ní ẹ ò kọ àjèjì, Mùsùlùmí bíi tiwa ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ní ẹ ò lè ní ìyàwó ọmọ tí ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀, pé ṣé ọwọ́ lẹ ó máa fi bá a sọ̀rọ̀ bí odi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. N kò lè fẹ́ ẹ tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, n kò sì lè fi í sílẹ̀. Mo wá ń jẹun lọ́gànjọ́, mo ń jẹ obì láti àárọ̀ dalẹ́, mo ń ronú.

Ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi. Tí mo bá dùbúlẹ̀, omi kíkan á ru sókè dé ọ̀fun, àyà á máa ta mí bí ẹni da ata sí i. Mo wá ṣe àṣìṣe kan, mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, inú ilé kan náà la ń gbé, bí ẹ̀gbọ́n gidi ni wọ́n ṣe ń ṣe sí mi. Dírẹ́bà ni wọ́n. Láti Kútọnu ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó imí-ọjọ́ lọ sí Arlit. Wọ́n ní imí-ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ásíìdì níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú bátìrì ọkọ̀, òun ni wọ́n ń dà sórí òkúta tí wọ́n ti lọ̀, kí yureníọ̀mù lè yọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó ya Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu débi pé wọn ò fẹnu kan ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní bí kíkan bá lè yọ́ òkúta, kí ló máa ṣẹ́ kù nínú ìfun ọmọ èèyàn? Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo èékánná mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti kan.

Bí wọ́n ṣe fi mí sórí òfin oúnjẹ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sí ẹran, kò gbọdọ̀ sí wàrà kíkan, kò gbọdọ̀ sí omi ìṣápá tàbí ti àjàgbọn, ògì gan-an di èèwọ̀. Ewé àti èso ni kí n máa jẹ, kí n sì máa fi omi tútù mu kàn-ún láràárọ̀, nítorí wọ́n ní ní Arlit náà, àwọn rí i tí wọ́n ń da nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sí i kí kíkan rẹ̀ lè kú. Ọ̀rọ̀ yìí sì wọ̀ mí létí, nítorí ẹ̀yin náà, Ìyá mi, kàn-ún lẹ máa ń fún wa lá tí inú bá ń run wá. Mo jẹ ewé títí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ wọn. Ṣòkòtò mi ń bọ́ nídìí. Inú ṣì ń jó mi.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí bàbá Bíbátà ní kí n wá, pé àwọn fẹ́ mọ ohun tí mo ń wá lọ́dọ̀ ọmọ àwọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ ló ṣe alágbàsọ mi, nítorí Zarma yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. A gbé obì àti aṣọ dání, a gba orí afárá kọjá sí Lamordé ní òdìkejì odò, níbi tí ilé wọn wà. Bí a ṣe ń lọ, Ẹ̀gbọ́n fi bébà kékeré kan sí mi lọ́wọ́, kàn-ún lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá fi ohun kíkan lọ̀ mí, kí n rọra gbọ̀n ọ́n sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àgbẹ̀ onírẹsì ni bàbá rẹ̀, wọ́n sì ní màlúù díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọ́n tẹ́ ẹní fún wa lábẹ́ igi. Àwọn àbúrò bàbá wà níbẹ̀, àwọn àǹtí wà níbẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ jókòó sórí àga kékeré, Bíbátà alára sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n gbé igbá dọ́nù jáde. Jéró tí wọ́n gún ni, wọ́n pò ó mọ́ wàrà tó ti kan dáadáa. Nínú ilé wọn, ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ ló ń kọ́kọ́ mu, bàbá ọmọ á mu tẹ̀lé e nínú igbá kan náà, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀.

Àjèjì lójú, kò fi ríran. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo gbọ̀n gbogbo kàn-ún sínú wàrà.

Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kàn-ún sè nǹkan, ẹ ò sọ fún mi rí pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá pàdé ohun kíkan. Wàrà náà hó. Ó ru, ó yọ ìfófòó, ó kún igbá, ó sì ṣàn sórí ẹní títí dé etí agbádá mi. Àǹtí Bíbátà kan fi ìka han bébà tó wà lọ́wọ́ mi, ó kígbe pé mo ti da oògùn sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ọmọ sẹ́yìn. Bàbá Bíbátà dìde, wọ́n ní kí a gbé obì wa, kí a máa lọ, kí n má sì jẹ́ kí wọ́n rí mi nítòsí Bíbátà mọ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà, omijé ti ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ gbogbo Zarma tí mo mọ̀ ti fò lọ, Ẹ̀gbọ́n náà ò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Mo wá gbé igbá náà ní ọwọ́ méjèèjì, mo gbé e sẹ́nu, mo mu ún tán pátápátá níṣojú gbogbo wọn. Kò sí òfin oúnjẹ kankan nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Ó korò, ó kan, ó ní iyọ̀, ó ń ta mí nímú. Mo gbé igbá kalẹ̀. Wọ́n ń wò mí bóyá n ó ṣubú. Èmi náà ń wo ara mi.

Gùfẹ̀ kan wá gbéra láti ìsàlẹ̀ ikùn mi. Mo dì í mú, kò gbọ́. Ìgbà tó jáde, màlúù kan dá a lóhùn lẹ́yìn ilé.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí wọ́n fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé àwọn Yorùbá ń fi oògùn fa obìnrin mọ́ra, àwọn ò tíì gbọ́ èyí tí wọ́n fi ń gùfẹ̀. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó padà, wọ́n ní kí a sọ ohun tó dé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ rí ẹnu wọn padà, wọ́n sọ ti imí-ọjọ́, wọ́n sọ ti òkúta, wọ́n sọ ti ẹ̀jẹ̀ kíkan.

Ẹ̀gbọ́n Bíbátà ọkùnrin náà wà láàárín wọn, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ó ti rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi omi kíkan sínú ikùn wa, òun ló ń bá wa lọ oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀ kì í tìtorí oúnjẹ kan. Bí ó bá fẹ́ kan jù, ẹ̀dọ̀fóró á mí i dànù, kídìnrín á fi ìtọ̀ gbé e jáde, tọ̀sán-tòru, láì bi wá léèrè. Ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kan lóòótọ́, orí ibùsùn ọsibítù ni yóò wà, kò ní fẹsẹ̀ gun afárá wá tọrọ ìyàwó. Ẹ̀fọ́ àti èso dára, kí n máa jẹ wọ́n lọ, àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n ń fọ kíkan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ata tí mo ń jẹ lọ́gànjọ́ tí mo sì ń sùn lé lórí, àti obì, ló ń da omi inú sókè sí mi lọ́fun. Kí n sì jáwọ́ nínú kàn-ún àràárọ̀, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ìyá mi, ẹ gbọ́ ìyẹn o, ẹ̀yin àti ìkòkò kàn-ún yín. Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ ní àwọn náà ti ń fura bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ti ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, mo ti dín obì kù, inú mi ti rọ̀. Mo tún ti ń mu ògì. Ẹ dúpẹ́ fún mi.

Wọ́n gbé igbá dọ́nù mìíràn jáde lọ́jọ́ náà. Mo mu, bàbá mu, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní àwọn gbà mí, ẹni tó lè mu irú nǹkan yẹn nítorí ọmọ àwọn, ó fẹ́ ẹ lóòótọ́. Àmọ́ wọ́n ní àwọn kì í fa ọmọ fún ẹni tí àwọn ò rí ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣèlérí lórúkọ yín. N kò jẹ́. Mo sọ òótọ́ ibẹ̀ fún wọn, mo ní ìyá mi ò kọ ọmọ yín, èdè tí wọn ò gbọ́ ni wọ́n ń rò, ìyẹn ni wọn ò fi tíì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Bíbátà sọ orí kodò.

Ìyá àgbà ní kí n sún mọ́ àwọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, bí n ó ṣe sọ ọ́ fún yín gẹ́lẹ́ nìyí: "Sọ fún ìyá rẹ pé èmi náà ò gbọ́ èdè tirẹ̀. Kó máa bọ̀. Àga tèmi nìyí, wọ́n á gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì á jọ jókòó, a ó sì jọ máa wo ọmọ tí wọ́n bá bí."

Ìyá mi, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ ní iwájú ọkọ̀ àwọn ni ẹ ó jókòó sí láti Parakou, tí àwọn bá ń ti Kútọnu gòkè bọ̀, àwọn ò ní sáré.

Ọlọ́run á fún ẹ̀yin àti Bàbá ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Oúnjẹ ọmọ ò ní korò lẹ́nu yín. Ilé á tù yín lára, ọ̀nà á sì là fún yín wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò tó ń gbọ́ lẹ́tà yìí lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Bíbátà kí yín, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ pé ẹ kú iṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wo ọ̀nà,
Lásísì