Ohùn Ọkọ̀ Tí O Fi Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé? Kí Ọlọ́run tó ń jí wa níhìn-ín máa jí ẹ lọ́hùn-ún, kí ilẹ̀ tí o bá ń tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ẹ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá, nítorí náà mo mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó máa ń jò ti dákẹ́, èmi fúnra mi ni mo gun orí rẹ̀, má bínú.

Mo gba ohùn ọkọ̀ rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló fi ibi tí màá tẹ̀ hàn mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ gírígírí díẹ̀, mo sì yára pa á, nítorí mi ò fẹ́ kó tán kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́. Mo fi aṣọ ìnujú wé fóònù náà kí ohùn má baà jò dànù lójú ọ̀nà, mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi nínú píkọ́ọ̀pù, mo sì rọra ń wa ọkọ̀ lọ bí ẹni gbé ẹyin.

O ní níbi tí o gbé ọkọ̀ náà lọ nígboro, wọ́n ki wáyà bọ inú rẹ̀, Kọ̀ǹpútà wá sọ pé ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́, àfi kí o ra òmíràn. Mi ò mọ ọ̀gbẹ́ni Kọ̀ǹpútà yìí, mi ò sì fẹ́ bú ẹni tí mi ò rí rí. Ṣùgbọ́n bá mi bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́, ọdún mélòó ló fi kọ́ ọ, àti pé ṣé ó tiẹ̀ fetí sí ọkọ̀ náà kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tiwa kì í dájọ́ ẹ́ńjìnì tí kò bá tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

O mọ ọ̀gá tí mò ń wí, Elétí-Ọfẹ, mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ páànù gígùn ní ìyànà ilé ìwé rẹ àtijọ́. Ó ti dàgbà. Irun orí rẹ̀ ti funfun, èékánná rẹ̀ ṣì dúdú bó ṣe wà. Ó ṣì máa ń fi imú síkúrúdáráífà kan ara ẹ́ńjìnì, kó fi ìdí rẹ̀ há etí, kó di ojú, kó wá sọ ibi tó ń dùn ún. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn aboyún lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń tún un ṣe. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, òun náà ni. Píkọ́ọ̀pù mi tó dàgbà jù ẹ́ lọ, tí àwọn tó ṣe é gan-an ti gbàgbé pé àwọn ṣe é, òun ló ń mú un jí láràárọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wá ń rò ó pé látìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, ìgbà tí ọkọ̀ bá kú la máa ń pariwo orúkọ rẹ̀, tó bá ti jí báyìí, a ti lọ nìyẹn, a ò ní wẹ̀yìn. Ó dùn mí. Mo sọ fún un pé ó ṣeun, ó ṣeun gan-an. Ó ní kí ló dé, ṣé ara mi ò yá ni.

Mo tú fóònù kúrò nínú aṣọ ìnujú. Ó ní kí wẹ́dà pa iná rẹ̀, kí fọkanáísà pa ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, wọ́n sì pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kì í bọ̀wọ̀ fún un níbẹ̀. Ó gbé fóònù náà sínú abọ́ irin tó fi ń fọ nọ́ọ̀tù. Mo ní ṣé kó má baà dà sílẹ̀ ni, ó ní rárá, kó lè dún sókè ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ó máa tó tán. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, kò tán. Fóònù yìí dára, o ṣeun.

Ó ní nǹkan kan ò ṣe ẹ́ńjìnì rẹ. Ó ní páànù pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tó máa ń bo páìpù èéfín, pé nọ́ọ̀tù rẹ̀ kan ti já, òun ló ń gbọ̀n tó ń dún bí ẹni pé ayé fẹ́ bàjẹ́. Nọ́ọ̀tù kan péré. Má ra ẹ́ńjìnì o. Inú mi ti ń dùn, mo ti na ọwọ́ sí fóònù, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ó ku nǹkan kan.

Ó ní ọkọ̀ náà kò kúrò lójú kan. Látìgbà tí ohùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí, kò wọ jíà, kò rìn. Ó ní ẹni tó wà nínú rẹ̀ kàn ń tẹ̀ ẹ́ kó lè ké sókè ni, àti pé ìgbà tó bá ti ké sókè ni ẹni náà ń sunkún lábẹ́ ohùn rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n gbé etí mi sínú abọ́, ó wá tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹrin. Ọkọ̀ nìkan ni mo gbọ́. Ó ní kí n fi ti ọkọ̀ sílẹ̀, kí n gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹ. Kò sí bí mi ò ṣe ní mọ ẹkún rẹ, èmi ni mo máa ń gbé ẹ rìn nínú yàrá nígbà tí o kò tíì lè sọ ohun tó ń ṣe ẹ́.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó nu ún títí. Ó ní ọdún tí ìyàwó òun kú, òun ò fẹ́ kí àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ ẹkún òun, nítorí náà òun á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe, òun á jẹ́ kó máa ké, òun á wá ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi, mo rántí ọdún yẹn. Píkọ́ọ̀pù mi ló máa ń ké jù. Mo máa ń dúró níta, inú á máa bí mi pé ó ń fi epo mi ṣòfò. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ó ní ó ti pẹ́, kí á gbọ́ ti ọmọ.

Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ. Mo pè ẹ́ lánàá, o ní dáadáa lo wà, ọkọ̀ sì ń ké lẹ́yìn rẹ. Ìdí tí mo fi kọ ìwé nìyí, ìwé kò ní ẹ́ńjìnì. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní fi tipátipá bi ẹ́. Bó jẹ́ iṣẹ́ ni, bó jẹ́ ẹnì kan ni, bó jẹ́ àìsàn ni, a ò ní bá ẹ jà.

Elétí-Ọfẹ ti gbé píkọ́ọ̀pù wọ abẹ́ páànù rẹ̀ láti àárọ̀. Ó ti pààrọ̀ bẹ́líìtì àti rọ́bà omi, ó tú bíréèkì palẹ̀, ó sì tò ó padà, ó ní ọkọ̀ tí kò kọjá ọjà rí yìí máa dé ìgboro. Tí a ò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ títí ọjọ́ Jímọ̀, àárọ̀ Sátidé la máa gbéra, èmi, ìyá rẹ, àti òun pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fi nọ́ọ̀tù kan sápò àyà rẹ̀ fún ẹ. Mo ní ṣé kò sí nọ́ọ̀tù nígboro ni, ó ní ó wà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ dè é fúnra òun. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo fún ní lẹ́tà yìí. Ọkàn mi balẹ̀ pé á dé ọwọ́ rẹ, nítorí mo mọ ẹni tó di táyà bọ́ọ̀sì náà.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé o ti ń retí ibi tí màá ti béèrè. Má fi kankan sínú fóònù lóṣù yìí, ọkọ̀ rẹ ti wà níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ibẹ̀ á gba àwọn méjèèjì. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, ra awò ojú fún Elétí-Ọfẹ, torí etí rẹ̀ ló mú, ojú ti ń ṣú. Má fi ránṣẹ́ o. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Kí Ọlọ́run bá wa nu ojú rẹ títí ọwọ́ wa á fi dé ibẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí o dá nìkan sunkún mọ́. Tí o bá sì tún fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, mo bẹ̀ ẹ́, pa ọkọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.