Ọ̀pá Tíìkì Orí Àjà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi àbíkẹ́yìn yín ni, èmi tí ẹ máa ń sọ pé ọwọ́ mi ò mọ òòlù í mú. Mo ti di káfíńtà báyìí, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ifangni níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́ fún mi ní awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, páìpù gígùn kan tó ní dígí nínú. Kò ní ìdúró. Tí mo bá fọwọ́ gbé e, òṣùpá á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo ní mo máa fi igi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́ta fún un.

Àtẹ́líyè yín, ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, ni mo lọ. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ki pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀yìn etí, tí ẹ ó wá máa bínú sí gbogbo ilé pé a ti jí i? Mẹ́rin ni mo rí lábẹ́ tábìlì. Lórí àjà ni mo ti rí ọ̀pá tíìkì kan, ó gùn, ó tọ́, ikán ò jẹ ẹ́. Aṣọ aláró ni wọ́n fi wé e. Mo gé e sí mẹ́ta láì wọ̀n ọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba géérégé. Èmi tí mi ò lè gé búrẹ́dì kó dọ́gba! Orí mi wú díẹ̀.

Awò náà dúró digbí. Atẹ́gùn fẹ́, kò mì. Ìgbà tí Màámi jáde síta, aṣọ tí mo jù sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n ní aṣọ àwọn ni, ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá a. Mo sọ ibi tí mo ti rí i. Wọ́n jókòó sínú eruku, àwọn tí kì í jókòó láì nu àga. Wọ́n nawọ́ sí ẹsẹ̀ awò.

“Ọ̀pá tí bàbá rẹ fi wọ̀n ọ́ nìyẹn.”

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo pé mẹ́tàdínlógún lọ́dún tí ibà dá mi gúnlẹ̀, tí dókítà ní kí ẹ máa gbé mi lọ sílé. Mo rántí pé ẹ wọlé wá bá mi lórí ẹní. Ọwọ́ yín tutù. Ẹ fi kàn mí lórí, ẹ fi kàn mí ní gìgísẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ènìyàn pé bàbá mi súre fún mi láti orí dé ẹsẹ̀. Àṣé pósí ni ẹ ń wọ̀n. Ó dùn mí, Bàbá, ó dùn mí gan-an.

Màámi ní tí ẹ bá ti wọ̀n òkú tán, ẹ máa ń ṣẹ́ ọ̀pá náà sínú sàréè, kó má baà wọ̀n ẹlòmíràn. Tèmi nìkan ni ẹ ò ṣẹ́, torí mo dìde. Wọ́n ń sunkún pé mo ti fọwọ́ ara mi gé e.

Láàárọ̀ àná, nígbà tí wọ́n lọ sóko ẹ̀gẹ́ ní Banigbé, mo tú ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tò wọ́n sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ tì wọ́n. Ọ̀pá náà jù mí lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì kúrú láti ọdún náà. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa ṣi ìwọ̀n. Mo bá gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì yín, èyí tí orí yín máa ń kan pákó, tí gìgísẹ̀ yín ń kan pákó, tí ẹ ní igi kì í ṣe ohun àfiṣòfò. Ọ̀pá náà kan pákó lókè, ó kù díẹ̀ kó kan tìsàlẹ̀. Àlàfo tó kù kò ju ohun tí ayùn mi jẹ lọ.

Ara yín ni ẹ wọ̀n dípò mi. Èmi dìde lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀yin tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ fayé sílẹ̀ kí àgbàdo ọdún náà tó gbó. Ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn, Bàbá? Ta ló gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ yín, tó wò ó, tó ní ó tó?

Mi ò tíì sọ fún Màámi. Mi ò mọ̀ bóyá màá sọ.

Mo ti dá ẹsẹ̀ awò padà. Ó kúrú, àfi kí èèyàn kúnlẹ̀ kó tó lè wo òkè. Nírọ̀lẹ́ àná mo kúnlẹ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Mi ò wo òṣùpá kankan. Ẹ ṣé, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń mí.