Kọ́là Ọrùn Bàbá Timothy

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025
Ọ̀gá Férémù tún dé. Ernest Ṣóyẹmí ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Inú ìwé àkọsílẹ̀ mi yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ọ̀gá Férémù. Ó fẹ́ kí gbọ̀ngàn tuntun ìjọ wa máa jẹ́ orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, Timothy Ṣóyẹmí, “oníwàásù àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde.” Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni a ó ṣí i. Ẹ̀rí rẹ̀: àwòrán ọlọ́dà inú férémù tó gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀—Bàbá Timothy, kọ́là àlùfáà lọ́rùn, Bíbélì lọ́wọ́, ọdún 1896. Ẹ̀rí kejì: ìwé ìtàn ìjọ tí èmi fúnra mi kọ, ojú ìwé kọkànlélógójì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbà méjì jẹ́rìí sí àwòrán náà. Mo tún un kà lálẹ́ yìí. Ernest ni àgbà kìíní. Àgbà kejì, àbúrò Ernest.
Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 4
Mo dá a lábàá fún ìgbìmọ̀ ìjọ pé kí wọ́n yẹ àwòrán náà wò kí wọ́n tó kọ orúkọ sára ògiri. Wọ́n gbà. Ernest ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ò gba ìwé ara yín gbọ́ mọ́ ni?” Mo ní mi ò gbà á gbọ́. Ó rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6
Mofẹ́olúwa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, dé láti yunifásítì sí pálọ̀ Ernest. Dókítà ni, àmọ́ ọ̀dà ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ dà bí èyí tí onídìrí fi ń gbẹ irun. Ó gbé e sún mọ́ kọ́là náà, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ka ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀dà. Titéníọ̀m ni orúkọ èròjà tó jáde. Ó ní funfun oní-titéníọ̀m kò sí lọ́jà kó tó di nǹkan bí ọdún 1920. Bàbá Timothy kú ní 1911.
Ernest bá bú sẹ́rìn-ín. “Ìyẹn náà ni? Ọ̀dà wa nìyẹn! Gbogbo Kérésì la máa ń kun ilé. Èyí tó bá kù nínú garawa, a ó fi tún Bàbá ṣe. A kì í jẹ́ kí bàbá wa dọ̀tí.”
Mofẹ́olúwa wo àjà pálọ̀, ó wo kọ́là. Funfun kan náà. “Ẹ fi ọ̀dà ilé kun àwòrán ọdún 1896, sà?”
“Ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọ mi. Kó lè pẹ́.”

Ọjọ́ Àìkú, 7
Ernest wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
A ó wo ìsàlẹ̀ ọ̀dà náà. Mofẹ́olúwa gé èérún ọ̀dà bí orí abẹ́rẹ́ láti wo ìpele-ìpele rẹ̀. Ó tún fẹ́ fi irú ìtànṣán tí ọsibítù fi ń ya egungun ya gbogbo àwòrán náà. Ernest fúnra rẹ̀ ló gbé Bàbá lọ: ó fi aṣọ ibùsùn wé e, ó gbé e jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ó di bẹ́líìtì mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, 17
Èsì dé. Èmi, Ernest àti Mofẹ́olúwa, nínú pálọ̀ kan náà.
Ojú ewé kìíní: funfun olójé ni ọ̀dà ìsàlẹ̀, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò láyé ìgbà yẹn. Àwòrán náà lè tó ọdún 1896. Lè tó—mo fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Ernest ti ń pariwo, “Mo sọ fún yín!”
Ojú ewé kejì. Kọ́là: titéníọ̀m láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìpele mẹ́tàlélógún. Ayàwòrán àkọ́kọ́ kò ya kọ́là kankan. Lábẹ́ irun dúdú orí Bàbá, láwàní funfun, gbàgìdì. Lábẹ́ Bíbélì, tẹ̀sùbáà.
Ohùn Ernest wá lọ sílẹ̀: “Dádì mi ló kọ́kọ́ tún un ṣe. Nígbà tí ìjọ fẹ́ fi wọ́n jẹ wọ́ọ̀dìn.” Lẹ́yìn náà: “Tíṣà, ṣé ẹ lè má kọ ọ́?”
Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti kọ èyí tí kì í ṣe òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tó.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀: mo fa ojú ìwé kọkànlélógójì padà, àṣìṣe mi ni, mo fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìwé náà ti wà nílé oníkálukú.

Ọjọ́ Àìkú, 21
“Gbọ̀ngàn Ìjọ” ni wọn yóò máa pè é. Ernest gba iwájú mi kọjá, kò kí mi.

Ọjọ́ Ajé, 22
Àlejò: Abdulrauf Ṣóyẹmí, ọmọ àbúrò bàbá Ernest, láti apá tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nínú agbo ilé wọn. Ó gbé ọsàn wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.
“Màmá, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ ti bá wa rí bàbá wa!”
Wọ́n ń kọ́ ilé-kéú tuntun. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ ní orúkọ Bàbá, Alhaji àkọ́kọ́ tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Mẹ́kà. Kí n ṣáà bá wọn kọ ìtàn rẹ̀.
Mo bi í bóyá Bàbá lọ sí Mẹ́kà.
Ó wò mí tàánú-tàánú. “Màmá, ṣé ẹ ò rí láwàní lórí wọn ni?”
Mo bu omi fún un. Mo wọ yàrá lọ pe Mofẹ́olúwa lórí fóònù. Mo ní kó bá mi wo abẹ́ láwàní náà.