Ọbẹ̀ Ọjọ́ Ìsìnkú Sandy Cowie

Ilé àwọn Geddes,
Òpópónà Èbúté,
Portcorran.
Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù kẹwàá.

Rhona, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ tó wà nínú rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé òtútù Glasgow kò dà ọ́ láàmú, àti pé èébì àárọ̀ yẹn ti dáwọ́ dúró. Àwa náà wà níbí, a ò ṣàìsàn. Ara Màmá rẹ náà yá. Ìyẹn ni mo fi ṣáájú, kí àyà rẹ má baà já nígbà tó o bá ń ka èyí tó kù.

Ilé oúnjẹ Màmá wà ní títì láti Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mo fà á. Kì í ṣe èmi nìkan, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù, nítorí èmi ni mò ń bá wọn ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì mọ ohun tó ń lọ. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí Wullie Mair tó fi ṣe àwàdà fún ọ lórí fóònù.

Ṣé o rántí òtútù tó mú Màmá ní oṣù kejì, tí wọ́n ní kó o má wá, pé ikọ́ lásán ni? Ikọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n ó gba òórùn nímú wọn, ó sì gba adùn lẹ́nu wọn. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fúnra mi ni mo rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mílíìkì jóná mọ́ ìdí ìkòkò, òórùn rẹ̀ dé ibi tí mo ti ń nu tábìlì níta, Màmá sì dúró tì í gan-an, wọ́n ń bi mí bóyá òjò máa rọ̀. Láti ìgbà náà ni iyọ̀ ti ń pọ̀ sí i nínú ọbẹ̀ ẹja yíyan wọn, ọbẹ̀ oní-mílíìkì àti pòtétò tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ wọkọ̀ wá láti Inverness. Wọ́n á bu iyọ̀ sí i, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún bu òmíràn sí i.

O mọ̀ wá ní ìlú yìí. Kò sẹ́ni tó máa dá àwo padà sí ilé ìdáná. Bí ẹran bá le bí awọ bàtà, a ó jẹ ẹ́, a ó ní ó dùn gan-an, a ó dúpẹ́, a ó sì lọ máa ráhùn nílé. Màmá fúnra wọn ló kọ́ èmi àti ìwọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wa lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ìbí rẹ, pé ẹni tó dúró sídìí iná nítorí wa, a kò gbọ́dọ̀ dójú tì í. Torí náà, bí Màmá bá yọjú láti ilé ìdáná tí wọ́n bèèrè pé báwo ni ọbẹ̀ òní, gbogbo tábìlì ló máa dáhùn pé, “Ó dùn, Jessie.” Èmi ni mò ń kó abọ́. Mo rí bí ọbẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù ṣe ń pọ̀ sí i, mo rí bí wọ́n ṣe ń fi búrẹ́dì bò ó mọ́lẹ̀. Mo máa ń yára dà á nù kí Màmá tó rí i. Mo pe ìyẹn ní àánú.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Dino Valente tó ń din ẹja. Wọ́n á gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọjá kí Màmá má baà rí wọn, wọ́n á sì lọ jókòó sí inú lọ́hùn-ún, jìnnà sí fèrèsé. Màmá ní òjò ló ń sé àwọn èèyàn mọ́lé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òjò ni.

Sandy Cowie nìkan ni kò kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń jẹ ọbẹ̀ yẹn tán, tó ń fi búrẹ́dì nu abọ́, tó sì ń sọ fún Màmá pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo etíkun yìí. O ti gbọ́ pé ó kú sójú oorun. Arúgbó ni, kò sì jìyà. Netta ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Màmá ni gbogbo èèyàn máa ti jẹun lẹ́yìn ìsìnkú, kì í ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò tíì rí i kí inú Màmá dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ.

Wọ́n yan páì ẹran màlúù bó ṣe yẹ kó rí lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n sì se ọbẹ̀ ẹja sínú ìkòkò ńlá. Nígbà tí wọ́n lọ wọ aṣọ dúdú wọn, mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Rhona, àfi bíi pé omi òkun ni wọ́n bù sè é. Àyè ṣì wà láti tún un ṣe. Mílíìkì wà nílé, pòtétò wà nílẹ̀. Mo kàn ní láti la ẹnu sọ ọ́ ni. Màmá jáde, wọ́n ń de bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n bi mí báwo ló ṣe rí. Mo ní, “Ó dùn, mà.”

Àwọn èèyàn jẹ ẹ́. Àlùfáà jẹ tiẹ̀ tán, ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí páì dé, gbogbo wọn ní àwọn ti yó, pé ọbẹ̀ yẹn ti kún àwọn nínú, wọ́n sì tètè dìde. Màmá rò pé ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹun.

Lẹ́yìn tí mo fọ abọ́ tán, Màmá ní kí n máa lọ sinmi. Ebi ń pa mí. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ilé Valente, Wullie Mair juwọ́ sí mi láti inú. Yàtọ̀ sí Netta àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó wá síbi ìsìnkú ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ dúdú wọn, tí wọ́n ń jẹ ẹja díndín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Kò sí àyè nínú lọ́hùn-ún mọ́, torí náà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fi mí sí. Mo jókòó, mo sì jẹun. Wullie wá ní, “Ẹ ò bá ti gbé Sandy fún Jessie o. Tó bá fi ọbẹ̀ yẹn rẹ ẹ́, kò ní rùn títí di Kérésì.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, pòtétò wà lẹ́nu mi.

Dino ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí ooru òróró. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá wà níta. Wọ́n gbé ìkòkò kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ dì dání, ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ fún Netta kó lè rí nǹkan jẹ lálẹ́. Wọn kò wo Wullie. Èmi ni wọ́n wò. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà, wọ́n gbé ìkòkò wọn, wọ́n lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n sì tì í padà lẹ́yìn mi. Abọ́ ọbẹ̀ kan wà lórí tábìlì, ó ń gbóná. Wọ́n ní kí n jókòó bí oníbàárà. Wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n bi mí pé, “Báwo ni ọbẹ̀ òní, Mairead?” Mo fi síbí kan sẹ́nu. Mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀. Síbẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ó dùn, mà.”

Màmá jókòó. Ohùn wọn kò ga rárá. Wọ́n ní, “Láti ìgbà òtútù yẹn, bí ẹni ń jẹ òwú ni mo ṣe ń jẹun. Mi ò lè sọ ọ́ síta. Ta ló máa wá jẹun lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ adùn mọ́? Mo ní màá máa bi yín. Bí ẹ bá ní ó dùn, màá jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yọwọ́ kúrò nínú abọ́, màá mọ̀. Ẹ̀yin ni mo gbójú lé.”

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún, ìgbà yẹn ni mo tó sọ ọ́: iyọ̀ ni, mà, láti ìgbà Àjíǹde. Wọ́n bi mí ta ló mọ̀. Mo ní gbogbo ìlú. Wọ́n ń fi ìka nu etí tábìlì. Wọ́n ní, “Sandy náà?” Mo ní òun náà mọ̀, mà, ó máa ń dúró mu omi ẹ̀rọ níta kó tó lọ sílé. Wọ́n ní, “Ó sì ń jẹ ẹ́ tán.” Ohun tó mú omi bọ́ lójú wọn nìyẹn, Rhona, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Wullie.

Wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn yòókù, àlejò ni wọ́n, àlejò lè purọ́ kó sì máa lọ. Wọ́n ní ṣùgbọ́n èmi, inú ilé ìdáná ni mo wà. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé bí àwọn bá fẹ́ rí mi àwọn á pè mí. Wọn ò tíì pè.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí kó o lè bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ kó o pè wọ́n, kó o rọ̀ wọ́n kí wọ́n lọ rí dókítà nítorí imú wọn, torí ìwọ nìkan ni wọ́n lè gbà fún. Bí o bá sì fẹ́ bá mi wí, mo ti jókòó dè é.

Kí Ọlọ́run gba ẹrù yẹn lára rẹ ní ìrọ̀rùn, kó gbé ọmọ lé ọ lọ́wọ́ láìfi omijé kún un. Kó jẹ́ kí ọmọ náà mọ ìyá ìyá rẹ̀, kó sì jẹun lọ́wọ́ wọn pẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò yẹ ní ọ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí,
Mairead Geddes.

Àfikún: Mo ń wá àpòòwé ni fóònù dún. Màmá ni. Wọn kò kí mi. Wọ́n ní kí n wá láàárọ̀ ọ̀la, kí n má jẹun nílé, kí n sì rí i pé mo mú ahọ́n mi dání. Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì nìyẹn. Mi ò sì bi wọ́n.